Àbọ̀ lórí ìbéèrè Bridgetown: ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́

Ohun tí mo bèèrè ni pé, bí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀ sí erékùṣù Barbados láàárọ̀, ṣé èèyàn lè rí Bridgetown, olú ìlú ibẹ̀, kó sì lúwẹ̀ẹ́ létíkun Carlisle Bay láìra ìrìn-àjò tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀? Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Nínú àwọn tó dá mi lóhùn, ẹni tó ní ká fẹsẹ̀ rìn ló gbà á. Láti èbúté, ẹ gba Princess Alice Highway dé Broad Street, ẹ sọdá Chamberlain Bridge, kí ẹ wá tọ Bay Street lọ títí dé etíkun Brownes, tó wà ní Carlisle Bay. Ó tó bíi ìṣẹ́jú 45. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré, ẹ tètè jáde.

Ti bọ́ọ̀sì yọrí díẹ̀. Owó ọkọ̀ jẹ́ dọ́là Barbados 3.50 (2 wọn ni dọ́là Amẹ́ríkà 1). Bọ́ọ̀sì ìjọba aláwọ̀ búlúù kì í fúnni ní ṣéńjì. ZR, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré funfun ti aládàáni, ń fúnni, àmọ́ èrò máa ń há mọ́ra níbẹ̀, orin á sì máa dún gooro.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ aṣọ aláwọ̀ ológun ṣeun: òfin kọ̀ ọ́ kéèyàn wọ̀ ọ́, títí kan ọmọdé. Bí òjò bá dé, ẹ má sá sábẹ́ igi manchineel létíkun. Oje rẹ̀ ń bó awọ. Wọ́n sábà máa ń kun ìdí rẹ̀ ní pupa.

Takisí ló kù tí kò lójútùú: kò ní mítà, ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé. Aago ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ fi padà, kì í ṣe ti fóònù.