Ṣé mo lè fi irin ìfàkọ̀ sí iwájú Hilux àtijọ́ mi?

Àgbẹ̀ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin mẹkáníìkì. Hilux ọdún 1994 ni mo ń lò, ẹlẹ́ńjìnnì díísù, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Irin ìfàkọ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó rà á, òun ni mo sì fi ń fa tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mo fi ń kó gbágùúdá. Ìṣòro mi ni pé ẹnu ọ̀nà ilé wa há, bí mo bá sì ń fi ẹ̀yìn ti tírélà wọlé, n kì í rí ibi tí ó ń yà sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi kọ lu ògiri ìyá mi. Mo rò pé bí irú ihò onígun mẹ́rin ínṣì 2 tí ó wà lẹ́yìn yẹn bá wà níwájú náà, n ó máa wo tírélà lójú bí mo bá ń tì í wọlé, n ó sì tún lè ki wíǹṣì, ẹ̀rọ tí ń ká okùn láti fa ọkọ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, bọ̀ ọ́ ní àsìkò òjò, nítorí amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, láàárín Ìpòbẹ́ sí Kétu, kì í ṣe amọ̀ tí à ń bá ṣeré. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun yóò jó o mọ́ bọ́ńpà ní ọ̀sán kan, 20 000 sẹ́fà ni ó sì fẹ́ gbà. Ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá Gàráàjì, Àjàṣẹ́

Àbúrò, kú iṣẹ́ oko. Ọkàn rẹ tí kò balẹ̀ yẹn ni kí o gbọ́ tirẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tín-ínrín ni bọ́ńpà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó gba ìkọlù kékeré mọ́ra lọ. Ó lè gba títi tírélà fún ọdún kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá so wíǹṣì mọ́ igi, tí ọkọ̀ ti rì dé ikùn, bọ́ńpà ni yóò bá igi lọ, ọkọ̀ yóò sì jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ṣáàsí, egungun irin gígùn tí ara ọkọ̀ jókòó lé, ni kí ohun gbogbo dì mú, apá ọ̀tún àti apá òsì pọ̀. Ní gàráàjì wa, a máa ń gé pẹ́ẹ̀tì irin tí ó nípọn tó mílímítà 8 sí ìhà kọ̀ọ̀kan, a ó fi irin ìdábùú so méjèèjì pọ̀, a ó sì jó páìpù onígun mẹ́rin náà mọ́ àárín ìdábùú yìí, kì í ṣe mọ́ ara ọkọ̀. Bọ́ọ̀tì ni yóò so gbogbo rẹ̀ mọ́ ṣáàsí, ó kéré tán mẹ́ta ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ mílímítà 12, kí 8.8 tàbí 10.9, nọ́ńbà tí ó ń sọ bí irin rẹ̀ ti lágbára tó, sì wà lórí rẹ̀. Èyí tí kò ní nọ́ńbà lórí, fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn. Bí o bá rí ihò tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ti lù síbẹ̀, òun ni kí o lò. Bí o bá ní láti lu tuntun, ẹ̀gbẹ́ ṣáàsí ni kí o lu, má ṣe lu òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù ti ń fa irin jù. Bí inú rẹ̀ bá ṣófo bí àpótí, ki páìpù kékeré kan bọ̀ ọ́ kí bọ́ọ̀tì gba inú rẹ̀ kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí a bá ṣe ń dì í ni ṣáàsí yóò máa tẹ̀ wọnú.

Ṣùgbọ́n kí o tó ra irin kankan, yẹ ṣáàsí wò ná; ọkọ̀ rẹ ti lé ní 30 ọdún. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí àpótí sítíárìn ti dì mọ́ ọn, fi epo àtùpà pa á, nu epo náà kúrò pátápátá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí o wá fi ẹfun tí a lọ̀ kúnná pa ojú rẹ̀. Bí irin bá ti sán, epo tí ó sá pamọ́ sínú rẹ̀ yóò yọ ìlà dúdú sára ẹfun.

Ọmọ Ṣábẹ̀

Mo gba gbogbo ohun tí Bàbá sọ, ọ̀rọ̀ ooru nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tí mo ń kó kajú bọ̀ láti oko ní oṣù kẹta, abẹ́rẹ́ ooru gùn sókè bí mo ṣe dé abẹ́ àwọn òkè Ṣábẹ̀. Mo rò pé omi ti tán ni, àṣé wíǹṣì tí n kò lò láti oṣù kẹwàá ni ó dí afẹ́fẹ́ mọ́ rádíétọ̀. Pín-ìnnì kan ṣoṣo, mílímítà 16, ni ó di wíǹṣì mú nínú ihò náà; bí òjò bá ti dá, fà á yọ, gbé e wọlé, kí o sì gba àwọn sípíríǹgì iwájú lọ́wọ́ ẹrù tí kò níláárí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi bọ́ọ̀lù tírélà, irin rogodo tí à ń so tírélà mọ́, fa ọkọ̀ tí ó rì láé. Bí ó bá já, bí ọta ìbọn ni ó ń fò. Bọ́ọ̀lù iwájú wà fún títi tírélà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ọgbà nìkan.

Àgbẹ̀ Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fi ẹfun pa á lánàá. Ìlà dúdú kan yọ lápá òsì, lẹ́yìn bọ́ọ̀tì kejì àpótí sítíárìn, ó gùn tó oríkèé ìka kan. Ìyàwó mi ní irun ni. Mo nù ún, mo tún fi ẹfun pa á, ó tún jáde. Ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti parí nìyẹn?

Bàbá Gàráàjì, Àjàṣẹ́

Kò parí rárá, ṣùgbọ́n má so tírélà mọ́ ọn títí a ó fi dí i. A ó lu ihò kékeré sí orí ìlà náà níhà méjèèjì kí ó má baà lọ síwájú mọ́, a ó fi gíráíńdà là á, a ó jó o, a ó sì fi pẹ́ẹ̀tì bò ó, èyí tí a gé ẹnu rẹ̀ ní ìdagun, nítorí ẹnu tí ó dúró gbọnrangandan ni irin tún máa ń sán sí. Tú okùn bátìrì kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wẹ́dà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ irin ìfàkọ̀ yóò tó kàn.

Bí o bá ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́, bọ́ bọ́ńpà náà sílẹ̀ sílé, kí a má baà fi àárọ̀ tú u. 20 000 wẹ́dà yẹn, fi ra bọ́ọ̀tì.