Ẹ gbà mí o: ṣé kí n fi iṣẹ́ bàálù sílẹ̀ ni?

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Alága, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́. Inú bàálù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń bọ̀ láti Àbújá, afẹ́fẹ́ gbọ̀n wá bí ìgbà tí wọ́n bá ń ku èlùbọ́. Omi gbígbóná dà sí mi lọ́wọ́. Èrò kan tún ń pariwo mọ́ mi pé kọfí ba aṣọ òun jẹ́, àfi bíi pé èmi ni mo rán afẹ́fẹ́ níṣẹ́! Látìgbà náà, ìyá ọkọ mi ò jẹ́ n gbádùn. Wọ́n ní abilékọ wo ló ń sun hòtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó. Ọkọ mi ò dá sí i, bọ́ọ̀lù ló ń wò. Bẹ́ẹ̀, oko kòkó bàbá mi n'Ídànrè ni wọ́n fi yáwó tí mo fi kọ́ṣẹ́ yìí. Kí n fi í sílẹ̀ ni, àbí kí n fara dà á?

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: Fi í sílẹ̀ kíá! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ̀ ọ́ láti Àkúrẹ́ sí Èkó, Sáàmù 91 ni mo kà títí a fi balẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ní kí n dákẹ́, òun náà ló tún di ọwọ́ mi mú.

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Ìyá Ìbejì, ṣé ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀ ló wá dára jù? Ẹni tí kò de bẹ́líìtì ni afẹ́fẹ́ ń ṣe léṣe jù. Bàálù Singapore Airlines tó gbéra ní London lóṣù karùn-ún 2024 ńkọ́? Bangkok ló sáré balẹ̀ sí. Èrò ẹni ọdún 73 kan kú, ọ̀pọ̀ fara pa, àmọ́ bàálù ò já.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: Ṣé ẹ ń tù ú nínú ni àbí ẹ ń dẹ́rù bà á?

Òṣìṣẹ́ Tẹ́lẹ̀: Mo ṣe iṣẹ́ yìí rí. Àwa òṣìṣẹ́ la máa ń ṣèṣe jù, torí àwa la máa ń wà ní ìdúró. Bó bá ti le, tẹ bíréèkì kẹ̀kẹ́ oúnjẹ, bọ́ sórí ìjókòó tó sún mọ́ ọ jù, kódà kó jẹ́ ti èrò. Bí kò bá sí àyè, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó o di àga mú. Bí bàálù bá lu tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sá jáde, ìyẹn tún burú jù. Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, bí ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 lèèyàn ní kó tó dẹni tí ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Ìbòmú tí wọ́n fi ń mí afẹ́fẹ́, tìrẹ lo máa kọ́kọ́ wọ̀, kó o tó wo ojú èrò. Lọ́dún 1988, òrùlé bàálù ilé-iṣẹ́ Aloha Airlines ya lójú òfuurufú ní Hawaii. Clarabelle Lansing, òṣìṣẹ́ tó wà ní ìdúró, ni afẹ́fẹ́ gbé lọ. Òun nìkan ló kú. Àwọn èrò wà nínú bẹ́líìtì.

Àbúrò, ìdúró lo wà ni?

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ: Ẹ má bá mi wí. Iná bẹ́líìtì ti tàn, ọ̀gá wa ló ní kí n parí ìlà ìjókòó méjì tó kù tí mo ń pín nǹkan fún. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo ń bi yín. Ọwọ́ mi ti ń jinná. Orí tí mo fi gbá àjà nìkan ló ṣì ń fọ́ mi, mo sì bì lẹ́ẹ̀mejì lánàá. Kì í ṣe oyún o! Ọjọ́bọ̀ ni mo máa padà síṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ Tẹ́lẹ̀: O fi orí gbá àjà?! Ta lo sọ fún?

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ: Kò sẹ́ni. Ọwọ́ nìkan ni mo kọ sínú ìwé. Wọn ò tíì fi ìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ gbèsè oko yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká: Arábìnrin, fi iṣẹ́ sílẹ̀ àbí má fi í sílẹ̀, ìyẹn dọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lálẹ́ òní, kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ. Má wa mọ́tò fúnra rẹ. Má sì gbé aspirin mì.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba: Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ?

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Màmá, ẹ̀yin ẹ sinmi ná. Arábìnrin, ṣé ẹ ti ń lọ?

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ: Mo fi han ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ń wá bàtà wọn báyìí.