Kí a má pè é ní "ìfọjẹ̀": èsì lórí orúkọ àrùn kíndìnrín àti ti họ́móònù

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o.

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìsánlú ní kí a pe dáyálísíìsì (ìtọ́jú tó ń bá kíndìnrín tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀) ní "ìfọjẹ̀", kí a pe kíndìnrín fúnra rẹ̀ ní "asẹ́jẹ̀", kí họ́móònù (oje tí ara ń ṣe láti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara mìíràn) sì máa jẹ́ "omi ara". Àbúrò wa obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Mọ̀pà fara mọ́ ti àkọ́kọ́, kò dá sí èkejì, ó sì ta ko ẹ̀kẹta. Ó ní òun kò lè dúró níwájú tọkọtaya kí òun máa sọ pé omi ara ìyàwó ti pọ̀ jù, torí ohun tí ọkọ máa rò yàtọ̀. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "ìfọjẹ̀" yìí gan-an ni mi ò lè gbà.

Ẹ lọ sí ọjà Kàbbà lọ́jọ́ ọjà. Ẹ máa rí ọkọ̀ tí wọ́n de ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ lórí, tí ọkùnrin kan ń polówó nínú rẹ̀: "Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń fọ kíndìnrín, ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí!" Ike omi tí wọ́n ti ya bébà ara rẹ̀ dànù ló rọ àgbo sí. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n sè é. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni ìyá kan ti mú ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ tọ̀ mí wá. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ti lọ sókè gan-an. Dókítà ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìyá lọ sí Lọ́kọ́ja lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ìyá wò mí, ó ní, "Ṣé wọn ò mọ̀ pé mo ti ń fọ̀ ọ́ ni? Ìgò kẹta ni mo wà yìí." Ìyá ò purọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni dókítà àti alágbo lò, owó ọkọ̀ Lọ́kọ́ja wọ́n, alágbo sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó dáyálísíìsì kan yóò já wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Bí a bá gbé ìròyìn yẹn síta pé "owó ìfọjẹ̀ ti wálẹ̀", ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni ìyá yẹn máa lọ bá dúnàádúrà?

Kì í ṣe àgbo Yorùbá nìkan ni mò ń bá wí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan ní Bẹ́ljíọ̀mù lo egbòogi Ṣáínà kí wọ́n lè fọn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní aristolochic acid wà nínú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ pátápátá. Àwọn oògùn ara ríro tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, ibuprofen àti diclofenac, náà ń pa kíndìnrín lára bí èèyàn bá sọ wọ́n di oúnjẹ òòjọ́, pàápàá ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Ohun tó wọ inú ara láti wá "fọ" kíndìnrín, kíndìnrín yẹn kan náà ló máa ru ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ohun tí a bá fọ̀, ìdọ̀tí ló wà lára rẹ̀, bí a bá sì ti fọ̀ ọ́ tán, ó mọ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń béèrè pé, "Èyí tí wọ́n fọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé kò mọ́ ni?" Dáyálísíìsì tí ẹ̀rọ ń ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, torí iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe tọ̀sán-tòru ló ń bá a ṣe. Kíndìnrín méjèèjì tó dá ṣáṣá ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Ó ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ nínú omi náà padà sínú ẹ̀jẹ̀, lítà kan sí méjì péré ló ń jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Ẹni tó ń sẹ́ ògì mọ èyí láìjẹ́ pé ó lọ sílé ìwé: nǹkan kan ń kọjá, nǹkan kan ń dúró, àgbàdo tí a bá sì lọ̀ lọ́la, a ó tún sẹ́ ẹ lọ́la. Willem Kolff, dókítà ará Netherlands tó ṣe ẹ̀rọ yìí nílùú Kampen ní 1943, lójú ogun àgbáyé kejì, awọ sẹlofénì tí àwọn ẹlẹ́ran fi ń ṣe sọ́séèjì ló fi sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Asẹ́ ló ṣe, kì í ṣe ọṣẹ.

Torí náà, àbá tèmi ni "ìfẹ̀rọsẹ́jẹ̀". Tó bá gùn jù lẹ́nu, ká sọ pé "wọ́n ń fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀". Ẹ̀rọ tó wà nínú orúkọ yẹn ni mo gbójú lé, torí alágbo kankan ò lè rọ ẹ̀rọ sínú ike.

Mo mọ ohun tí àbúrò mi máa sọ. Àkọ́kọ́, bí ẹnikẹ́ni bá kọ "sẹ́jẹ̀" lórí fóònù láìsí àmì, obìnrin tó lóyún lè kà á bí ẹni pé ẹ̀rọ ìṣẹ́yún ni. Mo gbà, ìyẹn náà ló jẹ́ kí n fẹ́ gbólóhùn gígùn ju kúkúrú lọ. Èkejì, dáyálísíìsì kan wà tí kì í lo ẹ̀rọ yẹn rárá: omi ni wọ́n ń rọ sínú ikùn gba inú rọ́bà kan, tí awọ tó bo ìfun fúnra rẹ̀ yóò di asẹ́, wọ́n á sì tún fa omi náà jáde. Ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi ikùn dípò ẹ̀rọ: "fífi ikùn sẹ́ ẹ̀jẹ̀". "Sẹ́" kò yẹ̀ lábẹ́ méjèèjì. Ẹ wá fi "fọ" dán an wò: "fífi ikùn fọ ẹ̀jẹ̀". Ta ló máa yé?

"Asẹ́jẹ̀" tí Ẹ̀gbọ́n fún kíndìnrín wá ńkọ́? Yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, ó di àsèjẹ, alágbo ló tún jèrè. Yàtọ̀ síyẹn, sísẹ́ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ kíndìnrín. Òun ló ń rán họ́móònù kan tí wọ́n ń pè ní erythropoietin sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Àìtó họ́móònù yìí wà lára ìdí tí ìpéǹpéjú aláìsàn kíndìnrín fi ń funfun, tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn, tí dókítà sì fi ń fún un ní abẹ́rẹ́ tí àwọn ará ilé ò mọ ohun tó wà fún. Kíndìnrín tún ń kópa nínú dídarí ìfúnpá àti nínú bí eegun ṣe ń le. Bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ kìkì asẹ́, báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé abẹ́rẹ́ yẹn? Orúkọ rẹ̀ àtijọ́ wà nínú Bíbélì, nínú Léfítíkù, "iwe méjèèjì", ṣùgbọ́n bí o bá sọ "iwe" lónìí, ti adìẹ ni ọmọdé máa nawọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí kíndìnrín máa jẹ́ kíndìnrín.

Ibi tí orúkọ tí ń pa èèyàn wà ni "kíndìnrín rẹ̀ ti kú". Lẹ́yìn ibà líle, tàbí ìgbẹ́ gbuuru tó fa omi ara tán, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà jù nígbà ìbímọ, kíndìnrín lè dákẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀. Bí ẹbí bá ti gbọ́ "kú", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa gbé e padà sílé. "Daṣẹ́ sílẹ̀" ló bá èyí mu, àwa ará Kogi sì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀ lè padà. Èyí tí ìfúnpá gíga tàbí àtọ̀gbẹ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù àti ọdún, tí kì í dunni, tí ẹsẹ̀ wíwú àti ìtọ̀ tó ń hó kì í tètè fi í hàn, mo fẹ́ kí a pè é ní "àrẹ̀ kíndìnrín". Bí agbára rẹ̀ bá wá já sí nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn la lè sọ pé ó kógbá wọlé. (Ẹ tún yẹ "pípààrọ̀ kíndìnrín" wò nígbà tí ààyè bá wà. Wọn kì í sábà yọ ti àtijọ́; wọ́n ń fi ọ̀kan kún un nísàlẹ̀ ikùn ni.)

Họ́móònù, èmi ò ní yọ ara mi lẹ́nu lórí rẹ̀. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn, ọ̀rọ̀ Gíríkì ni Ernest Starling yá fún un ní 1905, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a sún nǹkan ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká yá tiwa náà, ká máa fi "oje ìránṣẹ́" ṣàlàyé rẹ̀ fún àgbà tó bá béèrè. Èyí tó ká mi lára ju orúkọ lọ ni àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn tí a ń sọ sí àrùn. Ẹran kékeré kan jókòó sórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, tó ń ṣe họ́móònù tirẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìpara ìbóra tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tó jọ họ́móònù ẹran yẹn) para lójoojúmọ́ lè sọ ẹran yẹn di ọ̀lẹ, ojú rẹ̀ á kún, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ á yọ, àwa á sì máa sọ pé, "Ayé ń yẹ ẹ́ o!"

Mo gbèjà "àtọ̀gbẹ", mo sì fẹ́ kí "ìtọ̀ ṣúgà" lọ jókòó. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà wà. Kíndìnrín kì í jẹ́ kó bọ́ sínú ìtọ̀ àfi bó bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dl nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí tirẹ̀ bá wà ní 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jẹun àárọ̀, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò tó rí bẹ́ẹ̀, ti ní àrùn náà. Láàárín méjèèjì, kò sí èèrà kankan tó máa bo ìtọ̀ rẹ̀, á sì máa fọ́nnu pé ara òun le. "Àtọ̀gbẹ" ní tirẹ̀ gba tẹ̀gbọ́n-tàbúrò: àrùn mìíràn wà tí kò ní ṣúgà nínú rárá, tó jẹ́ pé họ́móònù tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó dá omi dúró ni kò tó, tàbí kíndìnrín ni kò gbọ́ tirẹ̀. Onítọ̀hún á máa tọ̀, á máa mu omi, á tún máa tọ̀. Ẹ pe ìyẹn ní "àtọ̀gbẹ aláìníṣúgà", ó parí.

Ẹ̀yin ará Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, kí lẹ ń pe kíndìnrín ewúrẹ́ nígbà tí ẹ bá ń kun ẹran? Ti ẹnu àgbà ni mo fẹ́, kì í ṣe ti rédíò. Àbúrò mi ní Mọ̀pà, jọ̀ọ́ bá mi dán "fífi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ̀jẹ̀" wò lẹ́nu iṣẹ́, kí o sì kọ ìbéèrè tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi ọ́ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe bi í gan-an.