Ibi tí owó iṣẹ́ pláànù ń gbà jò ní ọ́fíìsì wa

Láti Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán-ilé àti ẹ̀yin ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké tó ń kógbá sílé ládùúgbò wa, iṣẹ́ kọ́ ni wọn ò rí. Wọ́n ríṣẹ́, wọ́n sì ṣe é dáadáa, àmọ́ wọn ò mọ iye tó ná wọn láti ṣe é. Ó ń dunni, torí ọwọ́ wọn mọ́.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní ọ́fíìsì ẹni mẹ́rin ni: ayàwòrán kan, ẹnjiníà kan, akọ̀wé kan àti ọmọ iṣẹ́ kan. Ká ní owó oṣù wọn, rẹ́ǹtì, epo jẹnẹrétọ̀, dátà àti owó ìtẹ̀wé jẹ́ 1,200,000 náírà lóṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ 22, wákàtí 8 lójúmọ́, ó di wákàtí 176 fún ẹnì kan. Ẹ má fi 176 pín in. Tí a bá yọ ìpàdé, iná tó lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti àlejò tó kàn yà kíni kúrò, ó ṣòro kó ju 115 lọ. Ayàwòrán àti ẹnjiníà nìkan ni wákàtí wọn ń mówó wọlé, nítorí náà 230 ni ẹ ó fi pín in: 5,217 náírà ni wákàtí kan ń ná yín. Ẹ fi 20% lé e fún èrè, ó di nǹkan bíi 6,260.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin lè gba wákàtí 30 fún àwòrán àkọ́kọ́, 70 fún àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n máa fi kọ́lé, 45 fún irin àti kọnkéré, 25 fún fáìlì ìwé àṣẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 170, èyí tó jẹ́ 1,064,200 náírà. Ẹni tó gba irú iṣẹ́ yìí ní 500,000 ń fi owó ara rẹ̀ bá onílé kọ́lé ni.

Àtúnṣe ló tún ń pani jù. Onílé á ní, "Ẹ kàn bá mi sún àtẹ̀gùn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́." Ihò àtẹ̀gùn inú dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ òkè, ti yí nìyẹn. Bíìmù tó gbé e dúró yí, òpó lè sún, ẹnjiníà á tún irin ṣírò, páìpù ilé ìwẹ̀ òkè sì lè wá bọ́ sórí yàrá ìjẹun. Wákàtí 12 fún ayàwòrán, 9 fún ẹnjiníà: 131,460 náírà lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àtúnṣe méjì ni ọ̀fẹ́ kí onílé tó buwọ́ lu àwòrán àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn owó ni.

Èsì, láti Ìkòròdú náà

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi wákàtí han onílé. Ẹni tó ń kọ́lé ní Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ́, iye kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́. Wákàtí jẹ́ ti inú ọ́fíìsì. Kí kálukú kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó gbàgbé, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ ní Friday. Bí 70% wákàtí tí ẹ ṣírò fún iṣẹ́ náà bá ti lọ tí àwòrán ò tíì ju ìdajì lọ, ẹ dúró, ẹ wádìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ tí kò sí nínú àdéhùn.

Láti Ẹ̀pẹ́

Níhìn-ín, ìwé ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Láti ìgbà tí èbúté Lẹ́kí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, àwọn tó ń ra ilẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló wádìí bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Kí onílé mú sọ́feè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀, lọ fún àyẹ̀wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General (olórí àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀) ní Aláúsá kí ẹ tó fa ìlà kan ṣoṣo.

Bí mo ṣe máa ń dámọ̀ràn kí wọ́n pín owó nìyí: 30% kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, 30% nígbà tí onílé bá buwọ́ lu àwòrán àkọ́kọ́, 30% kí ẹ tó lu òǹtẹ̀, 10% nígbà tí fáìlì bá wọlé sí LASPPPA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tó bá wọlé ni mo wí, kì í ṣe nígbà tí àṣẹ bá jáde. Bí ìwé onílé kò bá pé tàbí kò san owó ìjọba, fáìlì á jókòó síbẹ̀, owó yín á jókòó tì í. Òǹtẹ̀ ARCON (àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀) tàbí ti COREN (ti àwọn ẹnjiníà) kì í sì í ṣe ohun àyáwò. Ẹni tó ni òǹtẹ̀ ni wọ́n máa wá kàn.

Láti Àgbádárìgì

Owó àbójútó ni tiwa níbí. Ẹni tó ti Ìkẹjà wá sí sáìtì wa, ọjọ́ kan gbáko ló ná. Ẹ má kọ "àbójútó" lásán sínú àdéhùn, ẹ ka iye ìbẹ̀wò síbẹ̀: nígbà tí wọ́n bá ń wọn ilẹ̀, nígbà tí irin ìpìlẹ̀ bá wà nílẹ̀ tí kọnkéré kò tíì bò ó, nígbà irin òpó, nígbà irin dẹ́kìn, nígbà òrùlé. Ìbẹ̀wò kẹfà ní owó tirẹ̀.

Àyẹ̀wò ilẹ̀ àti ti kọnkéré, owó onílé ni, kó má wọ inú owó yín. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà létí ọ̀sà, nítorí náà ẹ má ya ìpìlẹ̀ láìrí èsì àyẹ̀wò. Ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán pé a kò gbọ́dọ̀ lo iyanrìn òkun, torí iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin. Ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 ni kí wọ́n fọ́ kúbù kọnkéré (èyí tí wọ́n dà sínú àpótí kékeré fún àyẹ̀wò) wò.

Èyí tó tún ń fa ìjà ni àwòrán àtijọ́. Ọ́fíìsì ti tún un ṣe láti A dé C, àmọ́ A, ti àkọ́kọ́, ni bíríkìlà ṣì ń lò lábẹ́ àgọ́. Kí ẹni tó mú tuntun dé gba ti àtijọ́ padà, kó fa á ya níwájú fómàànù, kó sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé sáìtì.