Sọ́fúwià wo ni mo lè fi tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà, tí màá lè fúnra mi ṣètò àwọn àyè inú rẹ̀?

Abẹ́rẹ́-Olójú béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà mi kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì kì í ṣe ìṣòro, nítorí pé kò sí sọ́fúwià irú èyí tí kò ní àyè fún wọn. Àwọn ohun tí iṣẹ́ tèmi nílò ló ń dà mí láàmú: igbáàyà, ìbàdí, èjìká, gígùn apá, irú aṣọ tí oníbàárà kì í fẹ́ kó kan òun lára, ọjọ́ tó fẹ́ gba aṣọ, àti iye owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ìwé àdírẹ́sì inú Thunderbird, ètò ímeèlì kan, àyè 4 péré ló fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ohun tó wù ú. Google Contacts gbà mí láyè láti fún àyè ní orúkọ tó wù mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn tó. Ojúgbà mi kan ní kí n lo Airtable, dátábéèsì (àkójọ àkọsílẹ̀ tí a tò létòlétò) orí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn ní LibreOffice Base, ètò dátábéèsì orí kọ̀ǹpútà. Kí ni kí n máa wò kí n tó yan ọ̀kan? Kọ̀ǹpútà Windows àti fóònù Android ni mò ń lò, mo sì fẹ́ lè rí ìwọ̀n ènìyàn nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí.

Olùṣírò dáhùn pé:

Iye àyè kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, irú tí àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ ni. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ sínú àyè tí ẹ fúnra yín dá sílẹ̀ nínú Google Contacts, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà á sí. Kò ní bá yín tò ó, kò sì ní bá yín ṣírò rẹ̀. Kódà nínú sọ́fúwià tó lè to nǹkan, bí ìbàdí bá wà nínú àyè ọ̀rọ̀, tí ẹ sì ní kó tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, 102 yóò ṣáájú 96, nítorí pé 1 ló ń ṣáájú 9 lójú ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni ọjọ́: tí ẹ bá kọ 3/12 lónìí, tí ẹ kọ 12/3 lọ́la, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ wá èyí tó ní àyè nọ́ńbà, àyè ọjọ́, àpótí tí a ń fi àmì sí, àti àkójọ tí a ti ń ṣa ìdáhùn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí “aṣọ onírun”, “Aṣọ onirun” àti “onírun” di ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Airtable ní irú àwọn àyè báyìí, Base náà ní wọn, àmọ́ inú fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ẹ ti máa ṣe àkójọ tí a ti ń ṣa ìdáhùn.

Alákọsílẹ̀ dáhùn pé:

Òótọ́ ni Olùṣírò sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣáájú ìyẹn. Ìbàdí ènìyàn kì í ṣe ohun tó dúró sójú kan. Tí ẹ bá fi í ṣe àyè kan lára àkọsílẹ̀ oníbàárà, ọjọ́ tí ẹ bá tún un wọ̀n ni ti àtijọ́ yóò pa rẹ́, ẹ kò sì ní lè mọ ìwọ̀n tí ẹ fi rán aṣọ tó gbé padà wá pé ó fún òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbìyànjú láti bọ́ nínú èyí nípa dídá “ìbàdí 1”, “ìbàdí 2” àti “ìbàdí 3” sílẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá ti rí i pé ẹ ń fi nọ́ńbà sí ìdí orúkọ àyè báyìí, ẹ mọ̀ pé tábìlì (àkójọ onílà àti olópòó) mìíràn ni ẹ nílò.

Tábìlì mẹ́ta ni èmi yóò ṣe: ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún ìwọ̀n, tí ìlà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀ tó sì so mọ́ oníbàárà kan, àti ọ̀kan fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá. Iye owó tó kù kò tilẹ̀ yẹ kó jẹ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀ síbẹ̀. Kí sọ́fúwià fúnra rẹ̀ yọ ohun tí wọ́n ti san kúrò nínú iye tí ẹ jọ dá. Nítorí náà, ìwé àdírẹ́sì, bó ti wù kí àyè inú rẹ̀ pọ̀ tó, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀fẹ́ ni Base, orí kọ̀ǹpútà yín ló sì wà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù, dátábéèsì tó ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nílò Java, ètò mìíràn tó gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, kò sì ní áàpù orí fóònù. Airtable rọrùn púpọ̀ láti so tábìlì pọ̀, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ń mí.

Ẹ̀dà-Kejì dáhùn pé:

Kí ẹ tó kó oníbàárà kan ṣoṣo wọlé, ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹ lè gbà kó àkọsílẹ̀ yín jáde. Ìlànà vCard, tí àwọn ìwé àdírẹ́sì fi ń pààrọ̀ orúkọ àti nọ́ńbà, tí ẹ̀dà 4.0 rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, gba oníṣẹ́ sọ́fúwià láyè láti dá àyè tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “X-”. Ibi tí wàhálà wà ni pé sọ́fúwià tó gbà á kò ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì lè fò ó láìsọ fún yín.

Ẹ dá oníbàárà àfiṣàpẹẹrẹ kan sílẹ̀, ẹ kọ nǹkan sí gbogbo àyè rẹ̀: orúkọ tó ní àmì ohùn àti àmì abẹ́, àdírẹ́sì tó ní kọ́mà, àlàyé onílà méjì. Ẹ kó o jáde sí fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ń pín àyè rẹ̀, kí ẹ ṣí i níbòmíràn. Bí Ọ bá di “á»Œ”, ẹ má fòyà, fáìlì náà kò bàjẹ́, ètò tó ṣí i ni kò mọ̀ pé UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ tún un ṣí kí ẹ sì yan UTF-8. Ohun tó le ju ìyẹn lọ ni ìsopọ̀ tábìlì, nítorí pé Airtable ń kó tábìlì kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ lásán ni ìsopọ̀ náà yóò sì dà nínú CSV. Bí oníbàárà méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìwọ̀n wọn ti dàpọ̀ nìyẹn. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà ṣe àyè àkọ́kọ́. Àwòrán kì í bá CSV lọ rárá, ẹ tọ́jú wọn lọ́tọ̀.

Ní ti pé ẹ fẹ́ lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo Memento Database. Orí fóònù Android ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, ó ní irú àyè tí Olùṣírò kà sílẹ̀, ó lè so tábìlì kan mọ́ òmíràn, ó sì ní ti Windows. Ẹ sáà fi kọ́kọ́rọ́ sí fóònù yín, nítorí pé ìwọ̀n ara ènìyàn kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ rí.

Abẹ́rẹ́-Olójú dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Memento ni màá fi oníbàárà àfiṣàpẹẹrẹ náà dán wò, pẹ̀lú tábìlì mẹ́ta. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn oníbàárà mi kan ń sọ ìwọ̀n ní ínǹṣì, àwọn mìíràn ní sẹ̀ǹtímítà. Ṣé kí n ṣe àyè méjì fún ìbàdí ni?

Olùṣírò dáhùn pé:

Rárá o. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ orúkọ àyè náà, bí “ìbàdí ní sẹ̀ǹtímítà”, kí nọ́ńbà nìkan wà nínú àyè fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbọ́ ní ínǹṣì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.54 kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.