Mímú ajá láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìlú Ọba: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Láti Ọbáńtókò:

Ẹ̀yin tí físà Ìlú Ọba ti wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò sì fẹ́ fi ajá sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Chip, ìyẹn ohun kékeré tó gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ara ajá, kí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó tẹ̀ lé e. Wọ́n lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, bí chip bá ti ṣíwájú. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣíwájú, wọn ò ní kà á sí, torí kò sí nọ́ńbà tó fi hàn pé ajá yìí gan-an ni wọ́n gún.

Chip olónọ́ńbà 15 ni kí ẹ béèrè. Kò ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì ni wọ́n ń tì í sí. Kí dókítà ẹranko fi ẹ̀rọ kà á lójú yín, kí ẹ fi wé ohun tó kọ sínú káàdì, nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn. 6 tó di 8 lórí ìwé tó láti dá ajá dúró. Kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀) l'Álábàtà tàbí ibòmíràn, ẹ pè wọ́n kí ẹ bi wọ́n bóyá chip wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó kéré tán ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ti ṣiṣẹ́. Wọ́n á yí ẹ̀jẹ̀ náà nínú ẹ̀rọ kí omi rẹ̀ lè yọ sókè, omi yẹn ni wọ́n ń kó sínú yìnyín ránṣẹ́ sí lábù tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ nínú ooru á bàjẹ́. Èsì, ìyẹn ìwọ̀n ohun tó ń bá dìgbòlugi jà nínú ẹ̀jẹ̀, gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml, lẹ́yìn náà ẹ ó dúró fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí èsì jáde. Ajá tí wọ́n gún ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní, ọjọ́ 4 oṣù kejì ni wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní kíákíá jù, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni ó lè wọlé. Bí èsì kò bá tó, ẹ ó tún gún, ẹ ó tún fa ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi oṣù méje sílẹ̀.

Láti Aṣerò:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kéèjì ló kù. Kágò ni ajá ń bá wọ Ìlú Ọba, kò lè jókòó tì yín. Ẹ wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù, kí ẹ fi ìdajì gíga ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ kún un: 70 sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú ìdajì 30 jẹ́ 85, gígùn kéèjì nìyẹn. Fífẹ̀ èjìká lọ́nà méjì ni fífẹ̀ rẹ̀. Gíga ńkọ́? Ajá ìbílẹ̀ wa tí etí rẹ̀ ń dúró, ṣóńṣó etí ni kí ẹ ti wọ̀n, kì í ṣe orí. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì onírin ni kí ẹ fi de kéèjì náà pọ̀. Igbá omi gbọ́dọ̀ ṣeé bù sí láti ìta láìṣílẹ̀kùn.

Oṣù méjì ṣáájú, ẹ máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú kéèjì, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Tó bá di pé ó ń sùn síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn oorun rárá! Ó ń dí èémí àti ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ nínú òfurufú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàlúù kò sì ní gba ajá tí ojú rẹ̀ ti wúwo. Tí ẹ bá ń lọ sí Ìkẹjà, ẹ gbéra kí oòrùn tó mú, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàǹgó lè pa ajá inú kéèjì lára.

Láti Ìbarà:

Ẹ má gbàgbé oògùn aràn tó ní praziquantel. Dókítà ló gbọ́dọ̀ fún un, kó kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé: kò gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí 24, kò gbọ́dọ̀ ju 120 lọ, kí ajá tó gúnlẹ̀. Bí bàlúù yóò bá balẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, láti àárọ̀ Ajé sí àárọ̀ Ẹtì ni àyè yín. Ẹ fi bàlúù tó lè pẹ́ sọ́kàn, ẹ lo Ọjọ́rú.

Kí dókítà tún wo eégbọn, àti àrùn tí eégbọn ń gbìn sínú ẹ̀jẹ̀. Eégbọn ajá wa lè máa bí lọ nínú ilé tó ń móoru, òtútù ìta kò ní pa á.

Ọyẹ́ Abẹ́òkúta kò tó kọ́ ajá ní òtútù. Irun rẹ̀ kúrú, kò sí irun kéékèèké tó nípọn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wọn ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí ìrù kí ẹ tó ra ẹ̀wù, ẹ sì máa wọ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ fún un níhìn-ín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀, kó má baà ṣàjèjì sí i lọ́hùn-ún. Ajá tó ti ń rìn kiri àgbàlá láìsí okùn lọ́rùn gbọ́dọ̀ kọ́ okùn ọrùn kó tó lọ, torí lọ́hùn-ún, òfin ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì olúwa rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ nígboro. Nígbà yìnyín, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì máa ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ nu àárín ìka gbẹ kó tó lá a.