Wọ́n fi oògùn kun ọmọ mi lóorun ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó jí?

Ìyá Ayọ̀:
Ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó bá mi dá sí i. Mọ́tò ló gbá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, wọ́n díwọ̀n bí iyè ẹ̀ ṣe jí sí, àmì 5 ló gbà nínú 15. Wọ́n ya àwòrán orí ẹ̀, wọ́n ní ọpọlọ ń wú.

Wọ́n ki rọ́bà sí i lọ́fun, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Wọ́n lu ihò kékeré sí agbárí ẹ̀, wọ́n ti wáyà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́. Wáyà yẹn ló ń gbé nọ́ńbà kan jáde lójú ẹ̀rọ. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń wò ó. Tó bá ti kúrò ní 16 tó di 23, àyà mi á já.

Lánàá, àbúrò bàbá ẹ̀ wọlé, ó ń kígbe pe orúkọ ẹ̀, ó ń mì í léjìká. Aago ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ síta. Ní báyìí, ẹbí ń bínú. Wọ́n ní ká sọ fún àwọn dókítà kí wọ́n jí ọmọ. Dókítà sì tún ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ apá kan egungun agbárí ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àǹtí Ṣadé:
Ẹ ní kí wọ́n jí i o! Ẹni tó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ó ṣì máa rántí ọ̀nà ilé?

Nọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọdé:
Àǹtí, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù kún ẹrù ìyá yìí.

Ìyá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìpalára méjì ló wà. Èyí tí mọ́tò ṣe ti ṣe ná, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Ìkejì ló ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀: ọpọlọ ń wú, agbárí ọmọ ọdún 6 ò sì lè fẹ̀ láti gbà á. Tí inú ibẹ̀ bá ti há, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè gòkè dé ọpọlọ. Ìkejì yìí ni gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ń rí yẹn ń bá jà. Nọ́ńbà tí ẹ ń wò ló ń sọ bí inú agbárí ṣe há tó. Ìrora, ikọ́, kí ọmọ máa bá rọ́bà ọ̀fun jìjàkadì, gbogbo ẹ̀ ló ń ti nọ́ńbà yẹn sókè. Ìdí tí wọ́n fi kùn ún lóorun nìyẹn.

Nípa nọ́ńbà: 20 ni ààlà tí a máa ń lò. Tó bá kọjá ẹ̀, tí kò sì wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, a ó wá nǹkan ṣe sí i. Tó bá fò sókè nígbà tí a fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun ẹ̀, tó tún sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Ẹ wo orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, wọ́n á ti gbé e sókè tó nǹkan bí dígírì 30, imú ọmọ á sì dojú kọ òkè gangan. Tí ọrùn bá wọ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí á há síbẹ̀. Mo ti rí ọmọ kan tí nọ́ńbà ẹ̀ wà ní 24. Mo tún ọrùn ẹ̀ ṣe, mo dẹ okùn tí wọ́n fi so rọ́bà tó ti fún un lọ́rùn, kí n tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti di 17.

Ìyá Ayọ̀:
Ọlọ́run á bù kún yín. Wọ́n ní omi iyọ̀ làwọn ń fún un. Ṣé omi iyọ̀ lásán ni?

Dókítà Ọmọdé:
Kì í ṣe lásán o. Iyọ̀ inú dírípù tí gbogbo wa mọ̀ kò ju 0.9% lọ, èyí tí a ń lò fún irú ọmọ yìí sábà máa ń jẹ́ 3%. Ó ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ tó wú bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lemọ́lemọ́, kí iyọ̀ má bàa pọ̀ jù.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé kí wọ́n fún un ní dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan, kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀. Ẹ má gbà. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2004 láàárín àwọn àgbàlagbà fi hàn pé àwọn tó gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ kú ju àwọn tí kò gbà á lọ. A kì í lò ó fún orí tó fara gbọgbẹ́.

Ní ti egungun, àyè ni wọ́n fẹ́ ṣí fún ọpọlọ tí oògùn kò bá káwọ́ wíwú náà mọ́. Wọ́n á dí àyè ẹ̀ padà tó bá yá. Ó lè gba ẹ̀mí là, àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, kò túmọ̀ sí pé ọmọ á rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè: oògùn wo ló kù tí ẹ ò tíì lò? Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ tí a ò bá ṣe é?

Bàbá Ìyanu:
Ìyá Ayọ̀, mo ti jókòó sórí àga yẹn rí. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 9. Ọjọ́ 12 ló fi sùn. Nígbà tó lajú, kò dá mi mọ̀, kò sì lè di ṣíbí mú. Ó ti padà sílé ìwé báyìí, ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́, inú sì máa ń tètè bí i. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tí yóò máa bá dókítà sọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ wá ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ, torí ẹ ò ní rántí.

Ìyá Ayọ̀:
Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?

Nọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọdé:
Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí nọ́ńbà bá fara rọ, wọ́n á gbà. Ẹ fọwọ́ yín, ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ sùn. Ẹ gbàdúrà, kó má ṣáà la ariwo lọ.

Ìyá Ayọ̀:
Wọ́n gbà. Mo di àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ń ki oríkì ẹ̀ sí i létí. Nọ́ńbà wà ní 18, kò lọ sókè. Àbúrò bàbá ẹ̀ wà níta. Mo ti ní kó wá ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí.